Ọjọ́ Tí Iná Dé sí Egan

Fírísà Cecilia ló kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ilé pé iná ti dé. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó jí lójú oorun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Cecilia ń gbá iwájú ìta lọ́wọ́. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé láìbọ́ bàtà. Àárọ̀ Sátidé ni. Láti ìgbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wọn ní Egan ti bàjẹ́ ni wọ́n ti wà lókùnkùn, tí wọ́n ń dáwó, tí wọ́n sì ń jà lórí owó tí wọ́n dá. Lánàá ni ìròyìn kàn pé wọ́n ti tún un ṣe tán. Kíá ni Cecilia ti lọ kó ẹja yìnyín wá láti Ìkòtún, kòtè àti ṣáwá, torí ẹja ló ń tà mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe. Iná tí wọ́n ní ó máa dé nírọ̀lẹ́ ò dé. Nígbà tó ki ọwọ́ bọ fírísà láàárọ̀ yìí, ẹja ti rọ̀, omi pupa ti gbá jọ nísàlẹ̀.

Ó ní, "Olúwa, o ṣeun." Kò tíì sọ ọ́ tán tí iná fi lọ.

Kì í ṣe àwọn oníná ló mú un lọ. Fíúsì ló já. Ilé olójúlé mẹ́ta ni ilé náà, wáyà kan ṣoṣo ló sì wọ̀ ọ́ láti ara òpó tó wà lójú títì. Wáyà yẹn gba inú àjà yàrá Wàsílátù aránṣọ kọjá níwájú, ó gba ọ̀dọ̀ Festus láàárín, kó tó dé ọ̀dọ̀ Cecilia àti Olútáyọ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí onílé fà á, gílóòbù àti fáànù ló rò pé àwọn ayálégbé máa lò. Ayé ti yí kúrò níbẹ̀. Festus ti ra ẹ́sì tòkunbọ̀ tó ń mú yàrá rẹ̀ tutù. Wàsílátù ní áyọ́ọ̀nù ńlá tó wúwo bí òkúta. Olútáyọ̀ ní pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga sínú táńkì, fírísà Cecilia sì nìyí, ó tóbi bí pósí. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹrù yìí pọ̀ fún wáyà kan. Mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Olútáyọ̀ ló máa ń tún fíúsì náà ṣe. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe oníṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n òun ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Inú ike funfun kan lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ni fíúsì wà: fọ́nrán wáyà kan tín-ínrín bí irun. Bí ohun tí wọ́n tàn bá ti pọ̀ jù, fọ́nrán yìí á yọ́, iná á kú, wáyà inú àjà á sì sinmi. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Nínú ilé yìí, ìgbàkígbà tó bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, èébú ló ń gbà bí owó ọ̀yà.

Olútáyọ̀ fi fọ́nrán mìíràn sí i. Iná dé, fírísà kùn, iná tún lọ. Ó fi òmíràn sí i. Ìyẹn náà ò pẹ́.

Ìgbà yẹn ni Cecilia jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bá Wàsílátù lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, òkìtì aṣọ iléèwé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn rẹ̀. Iléèwé jẹ́léósinmi kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ló gbé iṣẹ́ náà fún un, àwọn ọmọ sì máa wọlé ní Mọ́ńdè. Cecilia ò kí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní áyọ́ọ̀nù yẹn ló ń fa gbogbo wàhálà, pé kó dákun kó fi ẹ̀yinná lọ aṣọ bí àwọn ìyá wọn ti ń ṣe. Wàsílátù kéré sí i lọ́jọ́ orí, kì í sì í sábà gbó o lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara ń ni òun náà.

Ó ní, "Màmá Ẹniọlá, aṣọ olówó ni mò ń lọ̀. Tí ẹja yín bá rọ̀, ẹ lè sè é. Tí mi ò bá fi aṣọ yìí jíṣẹ́, kí ni kí n sè?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Cecilia torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó wá ẹlòmíràn tó máa bínú sí. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn Festus, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń fi ẹ́sì tu ara wọn lára nígbà tí ẹlẹ́gbẹ́ wọn ń wá oúnjẹ òòjọ́. Festus rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀ sí i.

Olútáyọ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn: kí fírísà ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, kí áyọ́ọ̀nù gbà á, kí ẹ́sì àti pọ́ǹpù dúró di alẹ́. Gbogbo wọn gbà pé ó dáa. Kò sí ẹni tó gbọ́ràn. Kó tó gbé ọṣẹ kó fi wẹ̀, fíúsì tún ti já, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń búra pé òun kọ́.

Nínú yàrá, Cecilia ká ọkọ rẹ̀ mọ́. Ó ṣí fírísà, ó ní kó fi ọwọ́ kan ẹja kó rí i. Owó oṣù àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí èèyàn máa kà á fún un. Olútáyọ̀ ní òun ti rí i. Ó ní ohun tó kù tóun lè ṣe ni kóun fi wáyà tó nípọn síbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe é.

"Ta ni kì í ṣe é?" Cecilia bi í. "Ilé tó wà lẹ́yìnkùlé wa yìí, wáyà tó nípọn ni wọ́n fi sí tiwọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣé ilé wọn jó ni? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń bẹ̀rù ohun tí gbogbo ayé ń ṣe."

Olútáyọ̀ dìde, ó wá àjákù wáyà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi eyín bó o, ó lọ́ bàbà inú rẹ̀ pọ̀ títí ó fi nípọn bí ìka ọwọ́ ọmọdé. Ó jáde lọ síbi mítà.

Láti ìgbà yẹn, iná ò lọ mọ́. Ilé rọ̀. Fírísà ń kùn, pọ́ǹpù ń fa omi, ẹ́sì Festus ń kán omi sára ògiri ìta. Festus fúnra rẹ̀ yọjú, ó pe Olútáyọ̀ ní ẹnjiníà, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣe. Ìjà òwúrọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Wàsílátù lọ aṣọ, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi ku bọ́tìnnì nìkan, ó wá yọjú sí Cecilia lẹ́yìn. Ó ní òun fẹ́ sáré ra bọ́tìnnì ní Igando, pé Aasiyah ọmọ òun ti sùn, kó bá òun fojú sí i. Cecilia ní kó máa lọ. Ojú ti tì í fún ọ̀rọ̀ àárọ̀, ó sì fẹ́ fi ìyẹn tún un ṣe.

Ó gbé ẹ̀wà kaná. Ó tún lọ fọwọ́ kan ẹja. Ẹ̀yìn kòtè ti ń le. Bó ti ń tẹ̀ síwájú kó lè dé ìsàlẹ̀, apá rẹ̀ kan ògiri tó wà lẹ́yìn fírísà, ó sì fà á padà. Ògiri náà gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó dúró. Ó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń di àwọ̀ ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti pa á.

Ṣùgbọ́n ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le ni. Ó rò ó pé bí òun bá pa á báyìí, yóò tún rọ̀, ẹja tó bá sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ajá nìkan ló kù tó máa rà á. Ó ní kó le díẹ̀ sí i. Ẹniọlá ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ní nǹkan kan ń rùn bí ike tó ń jó. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ wo ẹ̀wà.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Cecilia ò sùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ketekete, ó ń bu omi sí ẹ̀wà.

Èéfín ló kọ́kọ́ rí, tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó kígbe pe ọkọ rẹ̀, ó sì ti ń sáré lọ síwájú. Ilẹ̀kùn yàrá Wàsílátù wà ní títì gbọn-in. Ó fi èjìká tì í ṣí. Nínú yàrá, àjà ti là láàárín, iná ń kán sílẹ̀ láti ibẹ̀ sórí aṣọ iléèwé wọ̀nyẹn, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń dún. Aasiyah ti jí. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sunkún, ó kàn ń wòkè. Cecilia fi ìró tó ró bò ó lórí, ó gbé e. Bó ti ń yí padà, ojú rẹ̀ bá áyọ́ọ̀nù lórí tábìlì. Ó dúró jẹ́jẹ́, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti wé okùn rẹ̀ mọ́ ọn lára dáadáa.

Ìyókù jẹ́ ariwo. Festus gbé báálí omi, Olútáyọ̀ sì gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i títí òun á fi pa iná mànàmáná. Ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó fa ike fíúsì yọ tìpá-tìkúùkù. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù nígun títì sáré dé, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì bu yanrìn wọn wá, àwọn obìnrin ń pọnmi láti kànga, wọ́n ń fà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹnì kan ti pe àwọn panápaná, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ wọn tó rí ibi gbà wọlé láàárín àwọn kòtò títì, iná ti kú. Yàrá Wàsílátù ti jó tán. Maṣíìnì rẹ̀ dúró láàárín eérú bí egungun ẹranko. Páànù òkè ti tẹ̀. Ọ̀dọ̀ Festus dúdú lápá kan. Ọ̀dọ̀ Cecilia, èéfín nìkan ló débẹ̀.

Láàárín gbogbo rẹ̀ ni Cecilia rí ọkọ rẹ̀ níbi mítà. Ó ti yọ wáyà tó nípọn yẹn kúrò nínú ike. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi í sápò.

Wàsílátù dé pẹ̀lú ọ̀rá bọ́tìnnì lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ti lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n mú un dání, wọ́n ń sọ fún un pé ọmọ wà láàyè kó tó béèrè. Ó gba Aasiyah, ó tú aṣọ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó wo yàrá. Kò ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan náà léraléra, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè: "Mo yọ ọ́. Àbí mi ò yọ ọ́? Ó dà bíi pé mo yọ ọ́."

Àwọn èèyàn ti dá ẹjọ́ náà. Áyọ́ọ̀nù ni. Ta ni ò mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ni? Obìnrin kan láti òdìkejì títì sọ pé ọmọ ìyá òun náà jóná báyìí ní Baruwa, pé àwọn aránṣọ ò ní ìfura. Ẹlòmíràn ní kí ló tilẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀ nínú ilé fún. Lẹ́yìn náà wọ́n á yíjú sí Cecilia, wọ́n á ní Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni. Àwọn ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù dọ̀bálẹ̀ fún un. Cecilia ń ní kí wọ́n dìde.

Fírísà ti kú, kò sì ní jí lónìí. Ó kó ẹja jáde, ó gbé agbada kaná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in. Kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ó pín in fún àwọn tó pọnmi, ó pín in fún àwọn tó bu yanrìn, àwọn èèyàn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń jẹ kòtè gbígbóná, wọ́n ń yìn ín, eérú ṣì wà ní irun wọn. Ó gbé tirẹ̀ fún Wàsílátù nínú abọ́. Wàsílátù dúpẹ́, ó gbé abọ́ sílẹ̀. Aasiyah nìkan ló jẹ ẹ́.

Olútáyọ̀ pè é wọlé. Ó sọ fún un ní ohùn ìsàlẹ̀ pé onílé ti ń bọ̀ láti Baruwa, pé kó má sọ ohunkóhun. Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ò lè rán aṣọ tó ti jó. Àwọn á wá ọ̀nà ran obìnrin náà lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí wọ́n bá lé wọn níbí, níbo ni wọ́n fẹ́ kó lọ? Cecilia jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Gbogbo rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Òun fúnra rẹ̀ ti rò ó báyìí nídìí agbada.

Ó ní, "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀."

Olútáyọ̀ ní, "Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Ní ìta, wọ́n gbọ́ ohùn onílé.

Bàbá arúgbó kan ni, ó wọ jalabíà funfun, kò sì fẹ́ kí eérú kàn án. Ó yí ilé náà ká pẹ̀lú ìbínú. Àwọn èèyàn ti sọ fún un pé áyọ́ọ̀nù ni kó tó dúró. Ó pe Wàsílátù síwájú gbogbo èèyàn, ó ní kó palẹ̀ mọ́, ó ní òun á gba owó òrùlé òun lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ta ọmọ tó bí. Wàsílátù kúnlẹ̀ lórí yanrìn tútù, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo gbàgbé rẹ̀ ni. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀."

Ó ti gbà á. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bíi pé ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kò dá a lójú. Ní báyìí, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Cecilia rí i pé títí ayé ni obìnrin yìí á máa rí ara rẹ̀ tó ń gbàgbé ohun tí kò gbàgbé, pé ojoojúmọ́ ni yóò máa wo ọmọ rẹ̀ tí yóò sì máa ronú pé òun ni òun fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ún.

Ó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó mú un lápá. "Dìde, Ìyá Aasiyah. O ò gbàgbé nǹkan kan. Mo fojú mi rí áyọ́ọ̀nù yẹn nígbà tí mo wọlé gbé ọmọ. O ti yọ ọ́, o sì wé okùn rẹ̀. Òkè àjà ni iná ti bẹ̀rẹ̀. A fi wáyà tó nípọn sí fíúsì láàárọ̀, torí ẹja mi. Nígbà tí ògiri gbóná, mo mọ̀, mi ò pa á."

Àwọn tó ń jẹ ẹja dẹ́kun jíjẹ. Olútáyọ̀ jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Cecilia ò wo ojú rẹ̀, ó ń retí kó sẹ́. Olútáyọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú wáyà náà jáde, ó fi í sórí búlọ́ọ̀kù níwájú bàbá náà. Ó ti dúdú.

Onílé ní ọ̀rọ̀ ti tán, pé àwọn méjèèjì ni yóò kó jáde. Ìgbà yẹn ni Festus sọ pé ó ti tó ìgbà mélòó táwọn ti bẹ bàbá pé kí wọ́n fa wáyà mìíràn wọ ilé yìí, bàbá a sì máa ní káwọn ní sùúrù. Ó ní òun náà ò pa ẹ́sì òun. Bàbá yẹn wo òrùlé. Ó gbọn jalabíà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eérú kankan ò sí lára rẹ̀, ó ní àwọn á tún jókòó sọ̀rọ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fi ẹja tó kù sílẹ̀ nínú abọ́.

Wàsílátù tú ọ̀já, ó tún ọmọ pọ̀n, ó so ó le.

Nígbẹ̀yìn ó ní, "Màmá Ẹniọlá, ẹ gbé ọmọ mi jáde nínú iná. Ẹ̀yin náà lẹ dá iná ọ̀hún. Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ dáhùn."

Cecilia ní kò yẹ kó dáhùn èyíkéyìí lónìí. Ó béèrè ibi tí yóò sùn. Wàsílátù ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìdímù, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, kóun lọ sọ fún ìyá tó ni iléèwé pé kò sí aṣọ. Kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní ẹ̀rù ìyá náà ń ba òun ju onílé lọ. Cecilia wọlé, ó bọ́ ìró tó ti jó létí, ó wọ òmíràn. Olútáyọ̀ ń fi omi fọ ògiri. Ó béèrè ibi tó ń lọ, Cecilia sì sọ fún un. Ọkọ rẹ̀ ní kó mú àtùpà dání nítorí ìgbà tó bá ń bọ̀.

Cecilia àti Wàsílátù jọ mú ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin pọ̀n. Aasiyah sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì kan tí wọ́n ya ọmọdé àti bọ́ọ̀lù sí lára. Wàsílátù gbé ọwọ́ sókè láti kàn án, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófurufú. Cecilia nawọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó kàn án.

Ohùn obìnrin kan béèrè ta ni.

Cecilia ní, "Aránṣọ yín ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ má ṣe bínú sí i. Èmi ni mo ní ẹjọ́ tí mo wá rò."